Omi ń kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ló dé tí ẹja kò pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ mi, etí Odò Ògùn níhà Ìṣẹrí ni mo sì ti ń ṣe é látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Nígbà ayé bàbá ọkọ mi, ọdún tí omi bá kún dáadáa ni inú àwọn apẹja máa ń dùn, nítorí àrọ̀ á pọ̀ débi pé iná ààrò wa kì í kú. Ní báyìí, omi ń kún débi pé ó ń bá wa nínú yàrá, síbẹ̀ ẹja kò pọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, omi á fà, a ó jí láàárọ̀ bá òkú ẹja tó léfòó. Àwọn kan ní ìyípadà ojú ọjọ́ ni, àwọn kan ní dáàmù ni. Ṣé omi tó pọ̀ jù ló ń pa ẹja ni, àbí omi tó kéré jù?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ iná o, ẹ sì kú ìrọ́jú omi. Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí ọmọ bá yín kọ ọ́, nítorí ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí yẹn, àwa tí a ń fi ẹ̀rọ wọn omi kì í sábà rí i tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí. Odò tó wà láàyè gbọ́dọ̀ kún, ó sì gbọ́dọ̀ fà. Ẹja ilẹ̀ wa mọ méjèèjì, wọ́n ti bá a gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun mẹ́ta ló yí padà: àsìkò tí omi ń dé, bó ṣe ń yára lọ, àti ilẹ̀ tó yẹ kó tẹ́ sí nígbà tó bá kún. Ìyípadà ojú ọjọ́ ń ba méjì àkọ́kọ́ jẹ́, àwa fúnra wa la sì ń ba ẹ̀kẹta jẹ́. Ti dáàmù, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ odò. Àbàtà tí ẹ ń wò lẹ́bàá omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn kan fi ṣe àkùrọ̀, tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sí, ara odò ni. Odò kàn fi í sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀ ni, yóò padà wá gbà á. Ibẹ̀ gan-an ni ẹja bàbá ọkọ yín ti ń wá.

Ẹ wo àrọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ bíi mélòó kan láti oṣù Igbe lọ, tí odò bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí omi ń yọ́ wọ inú koríko, abo àrọ̀ tí ẹyin ti kún inú rẹ̀ á kúrò nínú ibú. Òru ló máa ń rìn. Á gba ojú omi tóóró wọ àbàtà, níbi tí omi kò ti ju orúnkún ọmọdé lọ, ibẹ̀ ni yóò yé sí. Mo ti fa ewé koríko kan yọ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ẹyin lẹ̀ mọ́ ọn látòkè délẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn kò tó hóró ọkà bàbà, àwọ̀ wọn dà bí ewé tó ti ń rọ. Nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo rí ohun kan bí òwú tín-ín-rín tó ń ta pútúpútú nínú ọ̀kan. Ọmọ àrọ̀ ni. Láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀ ló ń pa.

Ẹyin á ti pa, àmọ́ ọmọ tó jáde kò tíì lè dá jẹun. Oúnjẹ tó bá a wáyé, tó so mọ́ ikùn rẹ̀, ni yóò fi gbé bí ọjọ́ mẹ́ta, kó tó máa wá èyí tí yóò jẹ fúnra rẹ̀. Àbàtà sì ti sè é sílẹ̀ dè é. Koríko tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé tó já sílẹ̀, ìgbẹ́ màlúù tí àwọn darandaran dà kọjá, gbogbo rẹ̀ ni omi bò mọ́lẹ̀. Ó ń jẹrà, àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí ń jẹ ẹ́, kòkòrò omi ń jẹ wọn, tanwíjí àti ọmọ lámilámi ń pọ̀ sí i, ọmọ ẹja ń jẹ tanwíjí. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, koríko rẹ̀ sì ṣú, ẹja ńlá tí ìbá gbé ọmọ ẹja mì kò lè ráyè wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà díẹ̀díẹ̀, ọmọ ẹja tó ti tó ìka ọwọ́ á bá omi padà sínú odò. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà padà ni àwọn àgbà ń dẹ ìgèrè sí. Wọn kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ọdún 1989 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kọ ọ́ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin pé kíkún àti fífà omi lórí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ odò ni ó ń bọ́ àwọn odò ńlá irú tiwa.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, èyí sì ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Bí àbàtà kò bá gbẹ rárá, kò ní í sí koríko tuntun tí omi ọdún tó ń bọ̀ yóò bò. Ní àbàtà Hadejia-Nguru ní Àríwá ilẹ̀ wa, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ dáàmù Tiga ní ọdún 1974 àti Challawa Gorge ní 1992, omi wá ń ṣàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ yípo ọdún ní àwọn ojú odò kan tó máa ń gbẹ tẹ́lẹ̀. Koríko gíga kan tí àwọn Haúsá ń pè ní kachalla gbà á kanlẹ̀, ó dí ọ̀nà mọ́ ẹja, ó dí i mọ́ ọkọ̀ apẹja. Omi wà níbẹ̀ o. Èyí tó sọnù ni gbígbẹ tó yẹ kó gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí omi tó ń wọ yàrá yín.

Ohun kan náà ló ń fa ìkún omi àti ọ̀dá. Ayé ti fi ohun tó ju 1.1°C lọ gbóná ju bó ṣe rí láàárín ọdún 1850 sí 1900 lọ. Lójú wa, ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n 1°C gbóná sí i, ó lè gbé nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ooru omi sí i. Ẹ fi wé kànìnkànìn. Bí kànìnkànìn bá tóbi sí i, á máa fa omi púpọ̀ sí i láti inú ilẹ̀, láti inú adágún, láti ara ewé. Ìyẹn ni ọ̀dá tó le. Bí wọ́n bá wá fi ọwọ́ fún kànìnkànìn náà, omi tó máa dà jáde lẹ́ẹ̀kan náà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ni òjò tó ń rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta tí títì di odò. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń bínú pé àwọn onímọ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, pé lónìí wọ́n ní ọ̀dá, lọ́la wọ́n ní ìkún omi, ẹ sọ fún un pé inú ìkòkò kan náà ni méjèèjì ti ń jáde.

Òjò tí a ń gbà báyìí sábà máa ń dá dúró fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà á wá rọ̀ bí ẹni ń da garawa. Omi á gòkè lónìí, á sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Abo àrọ̀ tó rí omi gòkè kò mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ó yé, omi sá, ẹyin gbẹ mọ́ ara koríko nínú oòrùn. Kò lè tún irú ẹyin bẹ́ẹ̀ yé lọ́la, ó di ìgbà tí inú rẹ̀ bá tún kún. Omi tó yára bẹ́ẹ̀ a tún máa gbá ìsàlẹ̀ odò lọ: ó ń ká òkúta àti iyanrìn kúrò, ó ń gbé ọmọ lámilámi àti àwọn kòkòrò tó fara pamọ́ sábẹ́ wọn lọ sínú ọ̀sà. Ẹrẹ̀ tó bá a rìn a sì máa dí abẹ́ etí ẹja, ibi pupa tó fi ń mí. Ẹ ti ṣí etí ẹja púpọ̀ nídìí iṣẹ́ yín. Èyí tí ẹ bá rí tí ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, tó ti ṣá tí kò pupa bí ẹ̀jẹ̀ mọ́, ìyà ti jẹ ẹ́ kó tó dọ́dọ̀ yín.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Láti Àkútè dé Ìṣẹrí dé Ajégúnlẹ̀ tó lọ sí Ìkòròdú, ibi tí omi máa ń tẹ́ sí tẹ́lẹ̀ ni a da iyanrìn sí, tí a kọ́lé lé. Mi ò dá ẹni tó ń wá ibi orí rẹ̀ máa wọ̀ lẹ́bi. Ẹni tó ta ilẹ̀ àbàtà ló mọ̀ pé àbàtà ni. Ṣùgbọ́n ẹja kò mọ ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀. Nígbà tí omi bá kún, dípò kó bá koríko, simẹ́ńtì ló ń bá. Dípò ìgbẹ́ màlúù, ṣáláńgá, epo mẹkáníìkì, oògùn apakòkòrò àti ọ̀rá ló ń fọ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí omi fi pọ̀ tí ẹja kò pọ̀: omi ń kún, ṣùgbọ́n àbàtà tó ń sọ omi di ẹja kò sí níbẹ̀ mọ́.

Òjò tó tún léwu jù fún ẹja ni òjò àkọ́rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn gígùn. Ilẹ̀ ti le bí àwo, kò mu omi. Gbogbo ìdọ̀tí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ni àgbàrá kan ṣoṣo ń gbá sínú odò tó ti fà, tí omi inú rẹ̀ kò pọ̀ tó láti pò ó fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá kíyè sí i, ẹ ó rí i pé ẹja máa ń kú ní ọjọ́ kejì irú òjò bẹ́ẹ̀.

Ní ti òkú ẹja tí ẹ ń bá láàárọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àárọ̀ tí ẹ sọ yẹn ni àṣírí rẹ̀. Ẹja ń mí nínú omi, ọ́síjìn tó wà nínú omi ló sì ń mí. Omi tó tutù níwọ̀n 20°C lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan. Bó bá gbóná dé 30°C, kò lè gbà ju bíi 7.5 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, bí omi bá ṣe ń gbóná tó ni ara ẹja ń béèrè ọ́síjìn tó: owó ń dín kù, ìnáwó ń pọ̀ sí i. Ní ọ̀sán, àwọn ewéko omi ń tú ọ́síjìn jáde nínú oòrùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn náà á máa mí, wọ́n á máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja àti ohun tó ń jẹrà nísàlẹ̀. Títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, ó lè ti tán.

Mo dúró létí irú ọ̀gọ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kí ojú ọjọ́ tó là. Odò ti já, ibú kan ṣoṣo ló kù láàárín iyanrìn, kò gùn ju ilé olójúlé mẹ́rin lọ. Mo ki ẹ̀rọ mi bọ omi, kò ka mílígíráàmù kan pé. Ẹpìyà to ẹnu sójú omi bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀, wọ́n ń yanu, wọ́n ń pa á dé. Òbòkún mẹ́ta ti dojú ikùn sókè. Àrọ̀ nìkan ló ń rìn bó ṣe ń wù ú. Á gòkè, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á tún rì, nítorí Ọlọ́run fún un ní ohun kan lẹ́yìn etí tó lè fi mí bí tiwa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló ń gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn fi máa yọ, àwọn ọmọdé ti dé pẹ̀lú àwọ̀n tí ojú rẹ̀ dí bí ajere, wọ́n kó tòun náà. Àwọn ìyá àrọ̀ tó yẹ kó wọ àbàtà nígbà òjò ni wọ́n kó yẹn.

Irú nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀ níbi tó tóbi ju tiwa lọ. Ní oṣù Ọ̀wẹ̀wẹ̀ àti Ọ̀wàrà ọdún 2023, ọ̀dá mú agbègbè Amasọ́nì ní Brazil, omi Adágún Tefé gbóná kọjá 39°C, ju ọgọ́rùn-ún lámùsóò (dọ́fíìnì) inú odò tí wọ́n ń pè ní boto àti tucuxi ló kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní tòsí wa, Adágún Chad tó fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní àwọn ọdún 1960 sún kì débi pé kò tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn ní àárín àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn ọ̀dá ńlá méjì. Ó ti padà díẹ̀ látìgbà náà, àwọn ẹja kan sì padà pẹ̀lú rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé omi kì í yára kú pátá.

Ohun kan tún wà tó kan Ìṣẹrí nítorí ẹ kò jìnnà sí ọ̀sà. Nígbà òjò, omi odò ń ti iyọ̀ padà sẹ́yìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ ń gòkè bọ̀ láti òkun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gùn, iyọ̀ á rìn jìnnà, ẹja omi dídùn á máa sá sókè. Àǹfààní kékeré kan wà níbẹ̀: ewéko tí àwọn kan ń pè ní gbéborùn, tó gba ojú omi Porto-Novo wọ Badagry ní ọdún 1984, iyọ̀ ní í pa á. Ojú oró àti òṣíbàtà tí a bá láyé kì í ṣe omi bẹ́ẹ̀. Gbéborùn ń bo omi mọ́lẹ̀ ṣíṣú, ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé, bó bá sì jẹrà, ọ́síjìn ló ń jẹ. Òjò ńlá ló ń tì í bọ̀ láti òkè odò.

Dáàmù wá ńkọ́? Odò Ọ̀yán ń dà sínú Odò Ògùn lókè Abẹ́òkúta. Dáàmù tí wọ́n ṣí lórí rẹ̀ ní 1983 lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà omi, ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Abẹ́òkúta ló sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Mi ò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n wó o. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, adágún rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà omi àkọ́kọ́ ọdún, èyí tí àrọ̀ ń dúró dè, ni yóò kọ́kọ́ gbà sára. Tó bá fi máa di Ọ̀wẹ̀wẹ̀ sí Ọ̀wàrà, ó ti kún, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀, á wá pàdé òjò tó ń rọ̀ nísàlẹ̀. Ẹja kò rí omi lásìkò tó fẹ́ ẹ, ẹ̀yin rí i lásìkò tí ẹ kò fẹ́ ẹ. Létí adágún náà, omi tó dúró sójú kan ti sọ ibẹ̀ di ilé fún ìgbín omi kékeré tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àwọn ọmọdé abúlé tó wà níbẹ̀ sì jìyà rẹ̀. Ìgbín yẹn kì í fẹ́ràn omi tó ń ṣàn kíkan.

Tí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, ìyípadà ojú ọjọ́ tàbí dáàmù, mi ò ní í lè mú un. Òjò tó ń ya wèrè ló mú kí ṣíṣí dáàmù le sí i fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ, nítorí wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n pa omi mọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn ni àbí kí wọ́n tú u de òjò tó ń bọ̀. Àmọ́ ọwọ́ wa kò tó òjò, ó tó ìlẹ̀kùn dáàmù. Ní Kamẹrúùnù, dáàmù Maga tí wọ́n kọ́ ní 1979 gba omi lọ́wọ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ Waza-Logone, ẹja dín, koríko dín. Ní 1994 àti 1997, wọ́n ṣí ojú omi kan àti èkejì tí ìdènà ti dí, kí omi lè tún tẹ́ sórí ilẹ̀. Koríko padà, ẹyẹ padà, ẹja padà. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn apẹja àti ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja fi ohùn kan béèrè nìyẹn: kí wọ́n máa tú omi díẹ̀ ní Èbìbí àti Òkúdu, kí wọ́n sì máa kéde kí wọ́n tó tú èyí tó pọ̀. Lọ́dọọdún ni àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi odò ní Nàìjíríà, NIHSA, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde. Ẹ ní kí ọmọ yín máa bá yín wò ó kí òjò tó wọlé.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín gan-an: ẹ bá àwọn apẹja sọ ọ́ kí wọ́n má fi àwọ̀n dí ẹnu ọ̀nà àbàtà ní òjò àkọ́kọ́, ìyá tó ń lọ yé ni wọ́n ń mú níbẹ̀. Kí wọ́n yan ibú kan tàbí méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní í pẹja nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn àgbà ń ṣe é ní orúkọ òrìṣà odò, ẹ̀yin lè ṣe é ní orúkọ ẹgbẹ́. Àbàtà tó kù tí a kò tíì da iyanrìn sí, ẹ bá baálẹ̀ jà fún un. Kí àwọn ọ̀dọ́ má gé igi etí omi, òjìji rẹ̀ ni ibi ìsinmi ẹja lọ́sàn-án. Ẹja tí ẹ bá bá tó ti kú lójú omi, ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má gbé e sórí ààrò. A kò mọ̀ bóyá àìrí-afẹ́fẹ́-mí ló pa á tàbí oògùn.

Lákòótán iṣẹ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan. Ẹ ní kí ọmọ yín ri igi gígùn kan mọ́lẹ̀ níbi tí omi ti máa ń kọ́kọ́ wọ koríko, kó fi ọ̀dà sàmì sí i ní ìka mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọjọ́ tí omi bá kàn án, kó kọ ọ́. Ọjọ́ tí omi bá fi í sílẹ̀, kó kọ ọ́. Bí ẹ bá ń la inú àrọ̀, èyí tó bá ní ẹyin nínú, ẹ sọ fún un kó kọ ọjọ́ náà pẹ̀lú. Tó bá pé ọdún kan, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, mo máa bá yín kà á, a ó jọ rí ọjọ́ mélòó tí omi fi sùn lórí àbàtà yín.